Ryu Joong-il kò bá ọbẹ̀ lórí iná

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Bí a bá ti dárúkọ Ryu Joong-il láàárín àwa tí a ń wo bésìbọ́ọ̀lù Kòríà, ẹnìkan á ṣáà ní ọbẹ̀ tí Sun Dong-yol, ọ̀gá tó ṣáájú rẹ̀, sè ló wá bù jẹ. Wọ́n ní ọdún 2011 tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà ẹgbẹ́ Samsung Lions náà ló gba ife Kòríà, tó sì gbà á títí di 2014.

Wọn ò béèrè ibi tó ti ń bọ̀. Láti 1987 di 1999 ló fi gbá bọ́ọ̀lù fún Lions ní Daegu. Wọ́n dé àṣekágbá ní 1987, 1990 àti 1993, òfo ni wọ́n bá bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀ òun yìí náà, nígbà tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama, ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri pápá Jamsil ní Seoul nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1982.

Nígbà tó bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, kò kúrò lọ́gbà. Ọdún 11 ló fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, tó ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù mú. Ẹni tó bá ti wo iṣẹ́ yẹn rí á mọ̀ ọ́n: akọ́nimọ̀ọ́gbá á mú igi tẹ́ẹ́rẹ́, á máa gbá bọ́ọ̀lù gba ilẹ̀ sí ọmọ tó dúró láàárín béèsì kejì àti ìkẹta. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀, á gbá a mú, á sọ ọ́ sí béèsì kìn-ín-ní. Kó tó nàró, òmíràn ti dé. Ibi tí Ryu fúnra rẹ̀ ti máa ń dúró nìyẹn. Ife 2002, 2005 àti 2006 bá a lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ọ̀gá rẹ̀, Kim Eung-yong àti Sun, ni aráyé gbọ́.

Ti àṣekágbá 2013, tí ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹ́rin ń gba ife, ni mi ò lè gbàgbé. Doosan Bears ti na Lions lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Lions rí ẹyọ kan ṣoṣo mú. Ó ku ìfìdírẹmi kan kó parí. Lions kó mẹ́ta tó kù! Kò sí ẹgbẹ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú àṣekágbá Kòríà. Ṣé ọbẹ̀ àjogúnbá nìyẹn?

Òótọ́ ni pé ipò 9 ni wọ́n ṣe ní 2016, tí wọ́n sì jẹ́ kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ní ìdíje Asian Games ní Hangzhou ní 2023, níbi tó ti darí ikọ̀ Kòríà, Taiwan fi 4-0 na àwọn ọ̀dọ́ tó kó lọ. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní àṣekágbá, 2-0 ló fi gba góòlù.

Bí ẹ bá máa kọ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọdún 2000 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti 2011.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Abẹ́òkúta