Ẹ má wo owó ara páálí nìkan: ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yin oníbàárà wa tó ń lo ínhélà

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀, a kí yín o, ẹ kú ìfaradà.

Ìbéèrè tí à ń gbọ́ jù nídìí káńtà ilé oògùn wa báyìí ni pé kí ló dé tí ínhélà oníoògùn-méjì fi wọ́n tó báyìí. Irú Seretide àti Symbicort là ń wí. Oògùn kan nínú rẹ̀ ń ṣí ọ̀nà èémí sílẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí méjìlá, èkejì ń mú kí ọ̀nà èémí tó ti wú rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà máa ń kọ ọ́ fún àwọn tó ní ikọ́ fée, àti àwọn tí èéfín igi ìdáná tàbí sìgá ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, kódà lọ́jọ́ tí ara bá yá.

Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni náírà já wálẹ̀ sí dọ́là. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni ẹ̀ka GSK ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ tó ni Seretide àti Ventolin (ínhélà tó kàn ń ṣí ọ̀nà èémí fún ìgbà díẹ̀), kéde pé àwọn ń kógbá sílé. Láti ìgbà náà lowó ti fò sókè. Bí ọmọ yín tó wà ní Amẹ́ríkà bá ní dọ́là 35 ni wọ́n ń san lóṣù lọ́hùn-ún, òótọ́ ló sọ nípa àwọn ínhélà kan, ṣùgbọ́n ètò náà ò kọjá Amẹ́ríkà.

Ohun tó wà lọ́wọ́ tiwa ni ìṣirò. Ẹ wo iye ìgbà tí ínhélà máa ṣiṣẹ́ kó tó tán, 60 tàbí 120. Ó wà lára páálí. Ká ní wọ́n ní kí ẹ fà á lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́. Ti 120 á gbé yín fún ọgbọ̀n ọjọ́, ti 60 á tán ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Bí ti 60 bá jẹ́ ₦14,000, tí ti 120 jẹ́ ₦22,000 (àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe iye tòní), ẹni tó ra ti 60 torí pé ó pọ́ọ́kú á ná ₦28,000 lóṣù. Àmọ́ Accuhaler, oníyẹ̀fun tó rí rìbìtì yẹn, ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀ àti ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́ ni, nítorí náà 60 rẹ̀ pé oṣù kan.

Ẹ bẹ dókítà kó kọ orúkọ oògùn gan-an: salmeterol pẹ̀lú fluticasone, tàbí budesonide pẹ̀lú formoterol. Seroflo àti Foracort tí Cipla ti Íńdíà ń ṣe ní oògùn kan náà nínú, wọ́n sì sábà máa ń dín owó. Kó kọ agbára rẹ̀ náà, ìyẹn ìwọ̀n oògùn kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, torí 25/125 kì í ṣe 25/250.

Bí ẹ bá pààrọ̀, ọ̀nà ìlò lè yí padà, ibẹ̀ sì lowó ń ṣòfò jù. Ínhélà alágolo tí à ń tẹ̀: ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ mí síta, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan bí ẹ ṣe ń fà á sínú jẹ́jẹ́, ẹ dá èémí dúró títí ẹ ó fi ka ẹẹ́wàá, ẹ sinmi díẹ̀ kí ẹ tó tẹ èkejì. Ẹni tó fọ́n ọn sórí ahọ́n kàn ń gbé oògùn mì ni. Ike tí wọ́n ń pè ní spacer, tí à ń fi sẹ́nu ínhélà, ń ṣèrànwọ́ púpọ̀. Bí kò bá sí, a lè lu ìdí ike omi ìdajì lítà kó gba ẹnu ínhélà pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ máa fà á láti ọrùn ike. Oníyẹ̀fun ní tirẹ̀, kíákíá àti tagbáratagbára la fi ń fà á. Ẹ má fẹ́ èémí sínú rẹ̀, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Kápúsù Rotacaps, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ là ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ fà sínú, ẹ má gbé e mì! Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ fi omi ṣan ẹnu kí ẹ tu ú dànù, kí èfu funfun má baà hù sẹ́nu.

Bí nọ́ńbà ẹ̀yìn agolo bá ti di 000, ó ṣì lè fọ́n, ṣùgbọ́n kò sí oògùn tó dájú níbẹ̀ mọ́. Ẹ má sì ṣe gbé e sínú mọ́tò nínú oòrùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dín in kù fúnra yín, ẹ má sì fi Ventolin nìkan rọ́pò rẹ̀. Wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ni Ventolin ń gbé, kò sì tọ́jú wíwú inú. Bí owó ò bá tó, ẹ sọ fún dókítà kó tó tán.

Ẹni tó wà lábẹ́ NHIA, ètò inṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba àpapọ̀, níbi iṣẹ́ ń san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn tó bá wà nínú ìwé oògùn wọn. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè nílé ìwòsàn tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ bóyá tiyín wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń darí yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá LAUTECH tàbí Bowen, ẹ gba kóòdù àṣẹ, ìyẹn nọ́ńbà tó fi hàn pé inṣọ́ránsì yín fọwọ́ sí i, kí ẹ tó lọ. Láìsí i, ẹ lè san gbogbo owó lápò ara yín. Àwọn tó wà lábẹ́ inṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ béèrè bákan náà.

Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ mú ìwé dókítà àti ínhélà àtijọ́ dání, kódà bó ti ṣófo. Ẹ fi bí ẹ ṣe ń fà á hàn wá. A ò gbowó fún ìyẹn.