Ọdún Àkọ́kọ́ Cignetti ní Indiana Kì í Ṣe Àkọsẹ̀bá

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n fèsì fún àwọn tó ń sọ pé àwọn ẹgbẹ́ tí kò lágbára nìkan ni Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà rí nà ní sáà bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) ọdún 2024. Ní ọdún 2023, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 3 péré ni Indiana borí nínú 12, Purdue, yunifásítì tí wọ́n jọ wà ní ìpínlẹ̀ kan náà, sì fi 35 sí 31 nà wọ́n kẹ́yìn. Nígbà tí Curt Cignetti dé láti Yunifásítì James Madison gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, ó ní òun máa ń borí, kí wọ́n lọ wo òun lórí Google. Ọ̀rọ̀ náà le létí, àmọ́ ó mú un ṣẹ: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10 ni wọ́n borí léraléra kí Yunifásítì Ohio State tó dá wọn dúró.

Ìgbà tí wọ́n na Purdue ní 66 sí òdo ni omi bọ́ lójú mi, nítorí pé korobá onígi àtijọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì ti ń dù gẹ́gẹ́ bí àmì ẹ̀yẹ láti ọdún 1925, èyí tí ṣéènì oní lẹ́tà I àti P rọ̀ mọ́, padà sí Bloomington, ìlú tí Yunifásítì Indiana wà, lọ́jọ́ náà.

Lóòótọ́, Yunifásítì Notre Dame fi 27 sí 17 lé Indiana kúrò nínú ìdíje ìfẹsẹ̀yọ tí wọ́n fi ń mọ ẹgbẹ́ yunifásítì tó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n Ohio State àti Notre Dame nìkan ló borí Indiana jálẹ̀ sáà náà, àwọn méjèèjì yìí kan náà ló sì pàdé nínú àṣekágbá ìdíje náà ní oṣù kìíní ọdún 2025.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan