Ìpè sí gbogbo ọmọ ìlú nílé lóko: owó ọdún yìí, ilé ìgbẹ̀bí wa ni yóò bá lọ

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, a kí yín o. Ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ ti fẹnu kò: owó tí a ó dá lọ́dún yìí, yàrá ìbímọ ọsibítù ìlú wa ni a ó ná an sí. Ìgbìmọ̀ ní kí n ṣàlàyé ohun tí a fẹ́ rà, àti ìdí tí a kò fi ní í kọ́ ilé.

Mo mọ̀ pé ilé ni ọ̀pọ̀ wa fẹ́. Ilé ṣeé yà ní fọ́tò, orúkọ ẹgbẹ́ sì ṣeé kọ sára ògiri rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ìgbìmọ̀ lọ bá àwọn agbẹ̀bí, kò sí ẹni tó béèrè yàrá lọ́wọ́ wa. Kúlà kan ni àgbà nọ́ọ̀sì ṣí hàn wá, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ta omi tútù ní gáréèjì. Yìnyín tí wọ́n fowó ara wọn rà ló wà nínú rẹ̀, abẹ́ yìnyín náà ni wọ́n di abẹ́rẹ́ oxytocin sí nínú ọ̀rá. Òun ni wọ́n ń gún fún obìnrin ní kété tí ọmọ bá ti bọ́, kí ilé ọmọ lè súnkì, kí ẹ̀jẹ̀ sì dá. Òtútù tí kò dín sí ìwọ̀n 2 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, tí kò sì ju 8 lọ, ni wọ́n ní kí a máa tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ooru bá mú un pẹ́, agbára rẹ̀ á dínkù, ojú lásán kò sì lè mọ̀. Yìnyín ń yọ́, iná ń lọ, èèyàn sì ń rọbí lóru.

Ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ló ń pa abiyamọ jù láyé. Bí kò bá sí ìtọ́jú, ó lè pa obìnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá láàárín wákàtí méjì. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 75,000 obìnrin ni oyún àti ìbímọ pa ní Nàìjíríà lọ́dún 2023, èyí tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin irú ikú bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kan àwa ará Ìbàràpá ju ẹlòmíì lọ, nítorí Ọlọ́run fi ìbejì jíǹkí wa. Nígbà tí Dókítà Patrick Nylander ṣe ìwádìí ìbejì ní Igbó-Ọrà, ní Ìbàràpá wa níbí, ní àwọn ọdún 1970, ó rí i pé nínú ìbí 1,000, ó tó 45 tó jẹ́ ìbejì. Ilé ọmọ tó bá gbé ọmọ méjì máa ń fẹ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá bí wọn tán, ó lè lọ́ra láti súnkì, ibi tó bá sì ti ń lọ́ra ni ẹ̀jẹ̀ ti ń ya. À ń ki ẹ̀jìrẹ́, à ń sè ẹ̀wà fún un. A fẹ́ kí ìyá tó bí i wà láàyè kó jẹ nínú ẹ̀wà náà.

Bí ọ̀ràn bá ju agbára ọsibítù wa lọ, Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé èèyàn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà náà wálé ọdún mọ bó ṣe rí. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ kò lè dúró de irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, àfi kí ẹ̀jẹ̀ ti dínkù kó tó wọkọ̀.

Ohun tí a ó kọ́kọ́ rà ni ọ̀rá tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀. Bí ọmọ bá ti bọ́, wọ́n á tẹ́ ẹ sábẹ́ ìdí ìyá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí àpò, àmì ìwọ̀n sì wà lára rẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, ojú ni àwọn agbẹ̀bí wa fi ń díwọ̀n: wọ́n á wo aṣọ tó rin, wọ́n á wo ilẹ̀. Ojú sì máa ń tan èèyàn jẹ, pàápàá lóru tó jẹ́ pé tọ́ọ̀ṣì fóònù ni ẹnì kan ń tàn sí wọn. Pẹ̀lú ọ̀rá yìí, bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé 500 mililítà, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n á fọwọ́ ra á nísàlẹ̀ ikùn, wọ́n á gún oxytocin, wọ́n á fún un ní tranexamic acid, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú ara fàya tàbí ibi ọmọ ṣẹ́kù sínú. Wọ́n dán ìlànà yìí wò ní ọsibítù 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Gúúsù Áfíríkà. Èsì tó jáde ní 2023 fi hàn pé ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le, iṣẹ́ abẹ tó ń tìdí rẹ̀ wá àti ikú rẹ̀, lápapọ̀, fi ìdá 60 nínú 100 dínkù. Ọ̀rá lásán mà ni, pẹ̀lú oògùn tó ti wà tipẹ́ àti òṣìṣẹ́ tó mọ ohun tó kàn.

Lẹ́yìn náà ni fíríìjì oògùn tó ń lo sólà, pẹ̀lú bátìrì tí yóò tún tan iná sí yàrá ìbímọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tó wà lókè òkun, ẹ má fi fíríìjì àlòkù ránṣẹ́. Owó rẹ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Fíríìjì ilé kì í di òtútù kan náà mú. A ó tún ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, nítorí gìrì tó máa ń mú aboyún tí ìfúnpá rẹ̀ bá ga jù.

Àwọn kan sọ nípàdé pé iṣẹ́ ìjọba nìyí. Òótọ́ ni. Ìpínlẹ̀ Òǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú aboyún tí wọ́n pè ní Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ lọ́dún 2009, wọ́n fún aboyún ní fóònù, wọ́n yan òṣìṣẹ́ tí yóò máa bẹ̀ wọ́n wò nílé. Ìjọba tó bá fẹ́ ṣe é lè ṣe é, a kò sì ní í yé béèrè. Àmọ́ aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé kò lè dúró de bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nílé, ₦10,000. Lọ́ńdọ̀nù, £50, Amẹ́ríkà, $60. Ẹ lè san án lẹ́ẹ̀mejì. Akẹ́kọ̀ọ́ àti opó, ohun tí agbára yín bá ká. Àpò ẹgbẹ́ ní báńkì tí ẹ ti mọ̀ ni kí ẹ san án sí, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan ọwọ́ tèmi. Orúkọ àti iye tí kálukú san yóò máa jáde lórí WhatsApp ẹgbẹ́ ní ọjọọjọ́ Àìkú, rìsíìtì ohun tí a bá rà yóò sì tẹ̀ lé e.

A tún ń wá ẹ̀jẹ̀. Àwọn awakọ̀ gáréèjì ti gbà láti máa gbé aboyún lóru bí ẹgbẹ́ bá ń san owó epo, àmọ́ a kò lè fowó ẹgbẹ́ ra ẹni tí yóò na apá sílẹ̀. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ fi orúkọ àti irú ẹ̀jẹ̀ yín ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tí kò bá mọ tirẹ̀, kó wá sí lábù ọsibítù ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀. Wọn kò ní í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Akọ̀wé ẹgbẹ́