Lẹ́tà sí Àbẹ̀ní lórí ìwà ẹ̀dá inú eré

Kétu, Benin

Àbẹ̀ní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí baálé rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù o. Àwa náà wà, ọpẹ́ ni. Òjò ń rọ̀ dáadáa, àgbàdo sì ti ń yọmọ.

Inú mi dùn nígbà tí mo kà á pé o ti rí àwọn tí ẹ ó jọ máa ṣe Dungeons & Dragons ní Montréal, eré ìtàn tí kálukú ti ń sọ ara rẹ̀ di ẹ̀dá kan. O bi mí bóyá kí kálukú kọ ìwà ẹ̀dá rẹ̀ sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ẹni rere ni tàbí ẹni ibi, ẹni òfin tàbí ẹni rúdurùdu, àbí kí ẹ fo ibẹ̀ yẹn. Ẹ má fò ó. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni máa fi ohun tó kọ de ara rẹ̀ lọ́wọ́, tàbí kó fi de ẹlòmíràn.

Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní 1974, ọ̀nà mẹ́ta péré ló wà: òfin, rúdurùdu, àti agbedeméjì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni rere àti ibi wọlé, tí wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀, tí ìwé àwọn òṣèré ti 1978 fi ní mẹ́sàn-án. Ẹ̀dà kẹrin gé e sí márùn-ún ní 2008, ẹ̀dà karùn-ún dá mẹ́sàn-án padà ní 2014. Àwọn tó ni eré gan-an ṣì ń tún un ṣe, kí ló wá dé tí àwa yóò fi sọ ọ́ di èèwọ̀?

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa ní Sátidé tó kọjá. Èmi ni mo ń darí eré; mo ṣe ìlú kan fún àwọn tí a jọ ń ṣeré, tó ní odi àti yàrà, ẹnu ibodè rẹ̀ sì rí bí Àkàbà Ìdènà wa yìí gẹ́lẹ́, ìlẹ̀kùn nínú, ìlẹ̀kùn lóde. Òfin ìlú ni pé bí oòrùn bá ti wọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i. Aránṣọ tó máa ń bá wa ṣeré ni jagunjagun abúra tó ń ṣọ́ ibodè. Ẹni rere tó ń tẹ̀lé òfin ló kọ sórí ìwé. Ilẹ̀ ṣú. Àwọn obìnrin àti ọmọdé tí ogun ń lé dé ẹnu odi, wọ́n ń kanlẹ̀kùn.

Tíṣà pariwo pé, "Ṣí i! Ṣebí rere lo kọ!" Ọmọ ilé-ìwé tó wà láàárín wa ní, "Òfin ńkọ́? Ó kọ òfin náà." Bí wọ́n ṣe ń jà lé e lórí nìyẹn, tí aránṣọ di dáìsì olójú ogún tí a fi ń mọ̀ bóyá nǹkan yọrí mú, tí kò jù ú. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ta ló ṣe òfin yìí, kí ló sì fà á?" Mo ní ọba ni, nítorí pé àwọn ọ̀tá ti fìgbà kan dara pọ̀ mọ́ àwọn asáwọ̀lú, tí wọ́n sì fi iná sí ìlú. Ó ronú títí. Ó ní òun kò ní ṣí ìlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kí wọ́n so okùn mọ́ òun nídìí, òun yóò sọ̀ kalẹ̀ lára odi, òun yóò sì bá wọn sùn síta pẹ̀lú idà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Àbẹ̀ní, orí mi wú! Ìwé kò sọ ohun tó máa ṣe fún un. Ohun tó kọ ló jẹ́ kó béèrè ìbéèrè tí kì bá tí béèrè. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ máa kọ ọ́. Bó bá jẹ́ ìlànà 1978 ni, jagunjagun abúra tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi ti pàdánù agbára rẹ̀ títí láé. Àwọn tó ń darí eré mìíràn á wá tìtorí ìyẹn máa dẹ pàkúté fún un. Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó bá ọ jókòó.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ká mi lára. Àwọn ìwé eré náà ti àtẹ̀yìnwá kọ ọ́ síwájú orúkọ orc, ìran jagunjagun kan nínú eré náà, pé ẹni ibi ni wọ́n, gbogbo ìran wọn pátá. Mi ò gbà á nínú eré mi. Ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu ní 1886, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ. Lónìí, àwa àti ọmọ àwọn tó fọ́ ọ jọ ń ná ọjà kan náà, a sì ń fẹ́ ara wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ilé-ìwé yẹn fẹ́ kọ Èṣù sí ìsọ̀rí ibi. Mo ní rárá o! Èṣù tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run? Bó bá ń wá ibi, kó lọ wo àwọn ajogun: ikú, àrùn, òfò.

Pẹ́ńsùlù ni kí wọ́n fi kọ ọ́. Bí eré bá ti lọ jìnnà díẹ̀, kí àwọn yòókù sọ irú ẹni tí wọ́n rí, kí oníǹkan sì pa á rẹ́ bó bá yẹ. Ẹni tó bá ja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lólè, tó ní "ìwà ẹ̀dá mi nìyẹn," bi í pé ta ló yan ìwà náà fún un.

Bí ẹ bá ti ṣe alẹ́ àkọ́kọ́, tètè kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ mọ ẹni tó yàn láti ṣe olè nínú eré, àti ohun tó kọ́kọ́ jí. Aránṣọ ní kí n kí ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjọkẹ́