Ìdí tí a kò fi ní sọ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa di ṣọ́ọ̀bù

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìnáwó.

Láti ìgbà tí ẹ ti rí àwọn bíríkìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ni ẹ ti ń bi wá léèrè bóyá a ti fẹ́ gbé ìsọ̀ dé òkè. Rárá o. Àwọn ayálégbé wa kò ní lọ ibì kankan. Àtẹ̀gùn ni wọ́n ń mọ, kí àwọn tó ń gbé òkè má baà máa gba àárín àpò ìrẹsì kọjá kí wọ́n tó wọlé ara wọn.

Ẹni tó bá rìn láti Oríta Ọláìyá lọ sí Òkè-Fíà á rí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ìgboro Òṣogbo látìgbà tí a ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní 1991. Òṣìṣẹ́ ìjọba rọ́ wá, báńkì tẹ̀lé wọn, ilé ojú títì sì gbówó lórí. Onílé rí i pé yàrá tó kọjú sí títì máa ń pawó jù bó bá di ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fọ́ fèrèsé, wọ́n fi ilẹ̀kùn irin sí i. Lẹ́yìn pálọ̀, ó kan yàrá. Lẹ́yìn yàrá, ó kan ilé ìdáná.

A kò bá ẹnikẹ́ni jà, àwa náà ń tajà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé inú yàrá wọ̀nyẹn ńkọ́? Wọ́n ti kó lọ sẹ́yìn ìlú, wọ́n ń gun ọ̀kadà wọ ìgboro lójoojúmọ́. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀wà dẹ́ríkà kan láago mẹ́jọ alẹ́ kò ní tìtorí ẹ̀ gun ọ̀kadà wá. Àwọn oníbàárà alẹ́ yìí ló gbé ìsọ̀ wa ró: ìyá tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó rán ọmọ wá ra gààrí kóńgò kan àti epo ìgò kan. Àwọn ni kì í jẹ́ kí gààrí wa pẹ́ nílẹ̀. Àdúgbò tó bá kún fún ṣọ́ọ̀bù nìkan, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a dá páropáro. Ta ni yóò wá figbe ta bí olè bá dé?

Bàbá wa kọ́ ilé yìí bí àwọn oníṣòwò ìgbà rélùwéè ṣe ń kọ́ tiwọn: ọjà nísàlẹ̀, ìdílé lókè. Ohun tí a fẹ́ kí ìlú padà sí nìyẹn. Òfin ètò ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 ka ìyípadà ńlá nínú ìlò ilé mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ fún, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì là á ní 2003 pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà. Ìyẹn ni pé Òṣogbo níbí la ti lè bèèrè. Bí onílé bá gbé pláànì plásà wá, kí wọ́n bi í pé: yàrá ìgbé mélòó ló wà ńlẹ̀, mélòó ni yóò kù? Bí ìjọba bá sì gé ilẹ̀ ilé gbígbé lẹ́yìn ìlú, kí wọ́n fàyè sílẹ̀ fún ìsọ̀ kéékèèké, kí èèyàn má baà rìnrìn àjò torí iyọ̀.

Owó tí wọ́n fi lọ̀ wá lórí òkè yìí ju owó ilé tí à ń gbà lọ dáadáa. A sì mọ̀ pé àyè há fún yín, pàápàá lọ́jọ́ Sátidé. Nítorí náà, àwọn àpò ńlá àti kẹ́ẹ̀gì epo máa kúrò níwájú, wọ́n á lọ sí ilé ìkẹ́rùsí tí a gbà nítòsí Ọjà Ọba. Ẹni tó bá fẹ́ odidi àpò, kó sọ fún wa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, a ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń já ẹrù á máa wá nígbà tí àwọn ará òkè bá ti lọ sí ibi iṣẹ́. Láago mẹ́sàn-án alẹ́ la ó máa pa jẹnẹrétọ̀, nítorí àwọn ọmọ tó ń sùn; iná sólà la ó fi parí títà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọkọ̀ dí géètì ẹ̀gbẹ́ ilé mọ́, ibẹ̀ ni wọn yóò máa gbà wọlé.

Bí ẹ bá nílé lójú títì tí wọ́n sì ti ń fi owó plásà lọ̀ yín, ẹ yà wá rí. A ó fi ìwé àṣẹ àtẹ̀gùn wa hàn yín, a ó sì júwe ibi tí a ti gbà á.

Àwa onísọ̀ yín, Òṣogbo