Lẹ́tà sí Àkànní lórí bí ẹ̀sìn Búdà ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Àkànní,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ẹ sì kú ìfaradà òtútù ọ̀hún. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á tinútinú. O ní o gbọ́ pé Búdà ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbógun ti ẹ̀sìn Híńdù láti yọ àwọn mẹ̀kúnnù kúrò lóko ẹrú, o sì fẹ́ mọ èrò mi, nítorí o mọ̀ pé ìtàn Íńdíà àtijọ́ ni mo máa ń kà nígbàkígbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Búdà kò ti ìta wá kọlu àwùjọ yẹn. Inú rẹ̀ ni a bí i sí, oúnjẹ rẹ̀ ló jẹ, àwọn ọmọ rẹ̀ ló kó jọ ṣe ọmọ ẹ̀yìn, ó sì bá àwọn aláṣẹ rẹ̀ ṣe àdéhùn tí kì í fi gbogbo ìgbà dùn létí.

Ní nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù, àwọn tó ń gbé ní àfonífojì odò Ganges kò tíì máa pe ara wọn ní Híńdù, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn náà ti wà nílẹ̀: àwọn orin Veda tí a ń kọ́ sórí láti ẹnu baba sí ẹnu ọmọ, ẹbọ iná tí àwọn Brahmin ń darí, àti ìgbàgbọ́ pé ọ̀nà mẹ́rin ni a pín ènìyàn sí láti inú ìyá rẹ̀ wá. Brahmin ni àlùfáà, Kshatriya ni ọba àti jagunjagun, Vaishya ni àgbẹ̀ àti oníṣòwò, Shudra sì ni ìránṣẹ́ àwọn mẹ́ta yòókù. Ìlú ńláńlá bíi Rajagaha, Savatthi àti Varanasi ń dìde nígbà náà. Oko ìrẹsì ń gbòòrò, irinṣẹ́ onírin ń pọ̀ sí i, owó fàdákà tí a lu àmì sí lára sì ti ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Oníṣòwò lè lówó ju Brahmin tó ń bá a rú ẹbọ lọ, síbẹ̀ ipò kẹta ló wà. Nínú igbó àti lẹ́yìn odi ìlú, àwọn alárìnkiri tó ti fi ilé àti aya sílẹ̀ ń jiyàn lórí ikú, àtúnwáyé àti ọ̀nà àbáyọ. Mahavira, ẹni tí àwọn ẹlẹ́sìn Jain ń tẹ̀lé, wà lára wọn, àwọn Brahmin kan pàápàá sì ti ń sọ nínú Upanishad, ìyẹn àwọn ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ wọn lórí Veda, pé ìmọ̀ ju ẹbọ lọ. Nítorí náà, àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá ẹbọ lẹ́nu wò ti pọ̀ kí Búdà tó la ẹnu tirẹ̀.

Ìtàn Siddhartha Gautama, ẹni tí a wá mọ̀ sí Búdà, kò ṣàjèjì sí ọ, n kò ní fà á gùn: ọmọ Shakya, ìran Kshatriya, tí a bí ní Lumbini ní ilẹ̀ Nepal òde òní, tí ojú inú rẹ̀ là ní Bodh Gaya, tó sì kọ́kọ́ wàásù fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ márùn-ún ní Sarnath, lẹ́bàá Varanasi. Ẹgbẹ́ mọ́ńkì tó dá sílẹ̀ lẹ́yìn èyí ló ṣe pàtàkì sí ìbéèrè rẹ. Nínú ẹgbẹ́ náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ẹ̀gbọ́n, ìran yòówù kí ó ti wá. Upali jẹ́ onígbàjámọ̀ àwọn ọmọ ọba Shakya. Nígbà tí àwọn ọmọ ọba náà fẹ́ di mọ́ńkì, àwọn fúnra wọn ló bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ gba Upali wọlé, kí ó lè di dandan fún wọn láti máa tẹríba fún un, kí ìgbéraga ìran wọn sì rọlẹ̀. Ìtàn yìí wú mi lórí gan-an. Ṣùgbọ́n má gbàgbé pé Sariputta, Moggallana àti Mahakassapa, àwọn òpómúléró ẹgbẹ́ náà, ọmọ Brahmin ni gbogbo wọn.

Ó tún ku ibì kan tí àwọn tó ń yin Búdà kì í fẹ́ dúró sí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Bimbisara, ọba Magadha, bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ogun ààlà ilẹ̀, tí wọ́n ń fárí wọn wọ aṣọ mọ́ńkì, ọba fẹjọ́ sùn, Búdà sì ṣòfin pé a kò gbọdọ̀ gba ọmọ ogun ọba mọ́. Òfin náà kan onígbèsè àti ẹrú pẹ̀lú. Suddhodana, bàbá Búdà, bẹ̀ ẹ́ pé kí a má ṣe gba ọmọ ẹnikẹ́ni láìsí àṣẹ òbí, ó sì gbà. Ìyẹn ni pé ẹrú tó fẹ́ sá wọ inú ẹgbẹ́ tí kò ka ìran sí ní láti kọ́kọ́ gba òmìnira lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ẹrú àti ọmọ ogun ni wọ́n ń gbà wọlé, n kò rò pé ọba kankan ì bá jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà pẹ́. Àwọn obìnrin náà wọlé, lẹ́yìn tí Mahapajapati, ìyá tó tọ́ Búdà dàgbà, ti bẹ̀ ẹ́ léraléra, ṣùgbọ́n òfin mẹ́jọ ni wọ́n fi sí wọn lọ́rùn, títí kan pé obìnrin tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún nínú ẹ̀jẹ́ gbọ́dọ̀ tẹríba fún mọ́ńkì ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lónìí.

Mo mọ ibi tí ohun tí o gbọ́ ti lè wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1956, ní ìlú Nagpur, B. R. Ambedkar, tí a bí sínú àwọn tí a ń pè ní aláìṣeéfọwọ́kàn, ìyẹn àwọn tí a kà sí ẹni tó rẹlẹ̀ ju ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ ẹ̀sìn Búdà láti kọ ìpín ìran sílẹ̀. Ìjà tiẹ̀ nìyẹn, ìjà òdodo sì ni, ṣùgbọ́n ìjà ìgbà tiwa ni.

Bí o bá bi mí ní ohun tó gbé ẹ̀kọ́ Búdà ró, àwọn oníṣòwò ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ. Ìtàn ní Anathapindika, ọlọ́rọ̀ kan ní Savatthi, fi owó tẹ́ ilẹ̀ ọgbà Ọmọọba Jeta láti fi rà á fún àwọn mọ́ńkì, ibẹ̀ sì ni Búdà ti lo ọ̀pọ̀ àkókò òjò. Ẹ̀sìn tí kò béèrè màlúù lọ́wọ́ wọn, tó sì ń bu ọlá fún ẹni tó fi òótọ́ inú ṣòwò, bá irú wọn lára mu. Ní ilé wọn, wọn kò lé Brahmin lọ: Búdà kò gbé ètò ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ kalẹ̀ fún wọn, nítorí náà ẹni tó bu oúnjẹ sínú àwo mọ́ńkì láàárọ̀ lè ránṣẹ́ pe Brahmin bí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ gbéyàwó. Èmi rò pé ìdí pàtàkì nìyẹn tí kò fi sí ìjà ńlá.

Kódà lórí ẹbọ, ọgbọ́n ló lò. Nínú ìwàásù kan, Brahmin tí a ń pè ní Kutadanta ti so 700 akọ màlúù mọ́lẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹran mìíràn, kí ó tó wá béèrè bí a ṣe ń ṣe ẹbọ tó pé. Búdà kò bú u. Ó sọ ìtàn ọba àtijọ́ kan tí olè ń da ìlú rẹ̀ láàmú, tí àlùfáà rẹ̀ sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fún àgbẹ̀ ní irúgbìn, kí ó fún oníṣòwò ní owó ìdókòwò, kí ó sì san owó iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọba fi òróró, bọ́tà àti oyin rúbọ, láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Kutadanta tú gbogbo ẹran náà sílẹ̀.

Bí ó ti wù kí ó rí, láìsí Ashoka, ọba ńlá ìdílé Maurya ní Íńdíà, tó jọba láti nǹkan bí ọdún 268 sí 232 ṣáájú ìbí Jésù, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀sìn yìí má tàn jìnnà. Lẹ́yìn ogun tó fi gba ilẹ̀ Kalinga, ó gbẹ́ ẹ sára àpáta pé 100,000 ènìyàn ni a pa, pé 150,000 ni a kó lọ, àti pé ó dun òun. Ó lọ sí Lumbini, ó ri òpó òkúta mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sì dín owó orí abúlé náà kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Síbẹ̀, ọba yìí kan náà pàṣẹ pé kí a máa ta Brahmin àti alárìnkiri lọ́rẹ bákan náà, ó sì fi ihò àpáta Barabar ta ẹgbẹ́ Ajivika, tó ń bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn Búdà díje, lọ́rẹ.

N ó fi bí Mahinda, tí wọ́n ní ó jẹ́ ọmọ Ashoka, ṣe gbé ẹ̀kọ́ náà dé Sri Lanka sílẹ̀ di lẹ́tà mìíràn, nítorí ìwé mi ti fẹ́ tán. Jọ̀wọ́, bá mi kí gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìṣọ̀lá