Lẹ́tà sí màmá tó mú Sùúrù lọ

Ẹ kú ilé o, mà. Ẹ sì kú ìtọ́jú Sùúrù, ajá wa. Èmi ni mo fà á lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé, tí mo ń sọ̀rọ̀ wìrìwìrì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bóyá ẹ tilẹ̀ rí i pé mi ò dúró kí ọkọ̀ yín yà ní kọ́nà tí mo fi wọlé. Ilẹ̀ ilé ìdáná ni mo lọ jókòó sí, pẹ̀lú okùn ọrùn rẹ̀ àtijọ́ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ pọ̀ ọ́ jáde. Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ti sọ fún yín pé ikọ́ fée ń bá ọmọ mi obìnrin jà. Ohun tí mi ò sọ ni bí mo ṣe jà tó kí n tó gbà. Gbogbo ayé ló ní kí n kàn fá irun ajá náà. Mo fá a. Sùúrù dà bí ewúrẹ́ tí òjò pa, àyà ọmọ ṣì ń dún fée fée lóru. Dókítà ló wá là mí lóye pé irun gan-an kọ́ ni ọ̀tá. Inú itọ́ ajá ni ohun tó ń dà á láàmú wà, àti nínú èépá ara rẹ̀ tó ń bọ́ wẹ́wẹ́. Ó ń bá eruku fò, ó ń lẹ̀ mọ́ àga àti bẹ́ẹ̀dì, kódà bí ajá bá ti kúrò nílé, ó lè gba oṣù mélòó kan kó tó tán níbẹ̀. Mo lé Sùúrù kúrò ní yàrá. Mo ń fọ aṣọ ojú fèrèsé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí a gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kẹta, mo mọ̀ pé nínú àwọn méjèèjì, ọ̀kan ló máa lọ.

Mo bá kọ ìkéde. Ẹ̀yin náà kà á: ajá onísùúrù, ọmọ ọdún mẹ́rin, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mà, mo fi orúkọ ṣe ìwà fún un ni. Wọ́n ní orúkọ a máa ro ni; tirẹ̀ kò ro ó rárá.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹnì kan bi mí bóyá ó ṣì lè gun abo. Mo ní a ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Kò dágbére kó tó gé fóònù. Òmíràn ní ẹ̀wọ̀n ló máa wà lọ́sàn-án, òun á máa tú u sílẹ̀ lóru kó ṣọ́ ilé. Òmíràn kò béèrè orúkọ, kò béèrè ọjọ́ orí, kò béèrè ohun tó ń jẹ. Ó ṣáà ní òun lè wá gbé e ní wákàtí yẹn gan-an, nígbà tó ti jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ̀rù ẹni yẹn ló bà mí jù.

Nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan wá dé, tó ń fọhùn jẹ́jẹ́, tí àgbàlá ilé rẹ̀ fẹ̀, mo rò pé ó ti bọ́ sí i. Ó bi mí pé ṣé Sùúrù lè dá wà nílé. Mo ní dáadáa ni. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ làwọn èèyàn ń ra èké. Èké tèmi tà lọ́jọ́ kan náà. Lọ́jọ́ kẹrin, ọjà padà wálé. Ó fi àwòrán ilẹ̀kùn rẹ̀ hàn mí lórí fóònù: Sùúrù ti họ ọ́ títí ara igi fi funfun bí egungun, ẹ̀jẹ̀ èékánná rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ọmọkùnrin náà kò bínú. Ó kàn ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá ti sọ fún mi. Màmá mi kì í jáde, ọ̀dọ̀ wọn ni mi ò bá máa gbé e sí láàárọ̀.”

Ẹ gbọ́ o. Àyè wà fún ajá náà ńbẹ̀. Irọ́ mi ló tì í síta. Mo tún bẹ̀ ẹ́ kó fún un láyè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní rárá, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀yin dé. Ẹ ò tilẹ̀ pe ajá. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, ẹ na ẹ̀yìn ọwọ́ sílẹ̀, ẹ wá ń bá èmi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí ẹranko kankan níbẹ̀. Ó yí yín po lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbóòórùn bàtà yín, ó gbóòórùn etí aṣọ yín. Nígbà tó wá gbé àgbọ̀n lé yín lọ́wọ́, ẹ ò fọwọ́ lé e lórí. Abẹ́ àgbọ̀n yẹn náà ni ẹ ti rọra ń họ ọ́. Ẹni mẹ́fà ló ti wá wò ó ṣáájú yín, orí ni gbogbo wọn kọ́kọ́ dì mú.

Ìbéèrè mẹ́ta lẹ bi mí. Ibo ló ń sùn? Mo sọ. Kí ló ń bà á lẹ́rù? Mo sọ, mo tilẹ̀ sọ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ: ààrá, bó ṣe ń mọ̀ pé ààrá ń bọ̀ nígbà tí etí tiwa kò tíì gbọ́ nǹkan kan, bó ṣe ń wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àti bó ṣe máa ń họ ilẹ̀kùn bí ẹ bá fi òun nìkan sílé. Ṣé ó ti bu ẹnikẹ́ni jẹ rí? Mo ní, “Rárá, mà,” mo sì yára na káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí yín.

Ìgbà tí ẹ wọ ọkọ̀ tán lẹ wá ní àwọn ọmọ-ọmọ yín ń bọ̀ wá kí yín lópin oṣù. Látìgbà náà ni mi ò ti rí oorun sùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, na ọwọ́ sínú abọ́ Sùúrù nígbà tó ń jẹun lọ́wọ́. Ara ajá náà gan. Ó dáwọ́ jíjẹ dúró, ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ọmọ náà débi tí funfun ojú rẹ̀ fi yọ. Ó kùn. Àwa àgbà mẹ́rin la wà níbẹ̀, à ń fi ọ̀rọ̀ kan rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó wá fi ẹnu há ọwọ́ ọmọ náà, ó sì fi í sílẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Awọ kò bó, ẹ̀jẹ̀ kò yọ, ojú eyín mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. A fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, bí wọ́n ṣe ní kí a máa ṣe. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú eyín náà ti parẹ́, mo sì ti parí èrò pé ìyẹn kì í ṣe ìbunijẹ. Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ béèrè, ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ túmọ̀ rẹ̀.

Káàdì tí mo nà sí yín kò parọ́. Ó pé oṣù mẹ́ta ló gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àkọ́kọ́, ó gba òmíràn lẹ́yìn ọdún kan, kò sì tíì jẹ gbèsè abẹ́rẹ́ látìgbà náà. Mi ò fi ìyẹn ṣeré, nítorí nínú ènìyàn 100 tí dìgbòlugi ń mú, nǹkan bíi 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n, bó bá sì ti fara hàn lára ènìyàn tán, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń bọ́ níbẹ̀. Àmọ́ abẹ́rẹ́ kì í kọ́ ajá ní sùúrù nídìí abọ́. Mo fi káàdì yẹn bo ìbéèrè yín mọ́lẹ̀ ni.

Nítorí náà, mà, bí àwọn ọmọ bá dé, ẹ gbé abọ́ rẹ̀ wọ yàrá kan, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kó jẹ tán, ẹ gbé abọ́ kúrò kó tó jáde. Bó bá gbé ohun tí kò yẹ sẹ́nu, ẹ má fipá gbà á. Ẹ fi ohun tó dùn ju ìyẹn lọ hàn án, á jù ú sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá sì kùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án. Kíkùn yẹn ló fi ń bẹ̀ wá. Ajá tí wọ́n bá ń nà nítorí pé ó kùn lè pa kíkùn tì, kó máa bu ni jẹ láìsọ tẹ́lẹ̀.

Ìyókù kò le. Bí ẹ bá fẹ́ yí oúnjẹ rẹ̀ padà, ẹ máa pò ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún bí ọjọ́ 7 sí 10, kí inú má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀wù mi tó wà nínú ẹrù rẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́ ná.

Bí ẹ bá ka lẹ́tà yìí tán tí ẹ sì rí i pé kò ní ṣeé ṣe, ẹ má gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ pè mí, màá wá mú un, kódà kó jẹ́ lóru. Ọ̀rẹ́ mi kan ti gbà láti fi í sọ́dọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n fi wá ibòmíràn, mo sì ti tún ìkéde náà kọ. Ọ̀rọ̀ abọ́ ló ṣáájú níbẹ̀.

Ó ku ohun kan. Láàárín èjìká rẹ̀, lábẹ́ awọ, ẹ̀rọ kan wà tí kò ju hóró ìrẹsì lọ. Nọ́ńbà gígùn kan tó ní ẹyọ òǹkà 15 ló wà nínú rẹ̀. Kò lè júwe ibi tí ajá wà o. Ṣùgbọ́n bó bá sọnù, tí wọ́n sì gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, wọ́n á ka nọ́ńbà náà, wọ́n á sì pe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nídìí rẹ̀. Títí di òní, èmi ni. Ó yẹ kí n fún yín ní fọ́ọ̀mù tí a fi ń pààrọ̀ orúkọ náà lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní mo gbàgbé. Mi ò gbàgbé, mà. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé bó bá sá kúrò lọ́dọ̀ yín, èmi ni wọ́n máa pè.

Fọ́ọ̀mù náà ló wà nínú àpò ìwé yìí. Mo ti fọwọ́ sí ìlà òkè. Ìlà ìsàlẹ̀ ni tiyín.